Ẹṣin mi ń jáyà ní gbogbo ìgbà: báwo ni mo ṣe lè mú kí ó fọkàn tán mi?

Ará Kétu (ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́)

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ wà níbí, ẹ kú alẹ́ o.

Kétu ni mò ń gbé. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra akọ ẹṣin pupa kan láti apá òkè, ọ̀dọ̀ àwọn Bàrìbá. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ọmọ ọdún 6 ni, pé ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó dúró jẹ́ẹ́ lóòótọ́ lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé Kétu ni ìwà rẹ̀ ti yí padà. Bí mo bá na ọwọ́ láti fi kan orí rẹ̀, á ju orí sókè, á sì fà sẹ́yìn títí okùn yóò fi bó mi lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ọ̀rá dúdú kọjá, á fò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ti zẹ́mìjàn, ìyẹn ọ̀kadà tó ń gbérò, ló burú jù. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kan yọ lẹ́yìn wa lójijì lọ́nà ọjà, ẹṣin náà gbé mi ṣánlẹ̀, apá òsì mi sì wú fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Kì í ṣe apá ló dùn mí jù. Nígbà tí mo wọlé lọ bá a lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọkà bàbà nínú igbá, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ki orí bọ igun ilé, gbogbo awọ ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Mo dúró síbẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe. Ẹlẹ́ṣin ni bàbá mi, àmọ́ ó ti papò dà kí n tó dàgbà tó ẹni tó lè kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀. N kò fẹ́ tà á. Mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé ibi tí mo bá wà, ewu kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Olóko Ìlárá (ọjọ́ Ajé, 9:15 alẹ́)

Àbúrò, pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á wo apá náà sàn. Èmi á sọ ohun tí mo mọ̀. Ẹṣin tó bá ti rí i pé òun lè gbé ọ ṣánlẹ̀ ti di ọ̀gá rẹ nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dá ni, ńṣe là á tún un gùn. Ó yẹ kí o ti padà sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí o mú kòbókò dání, kí o fún ìjánu mọ́ ọn lẹ́nu, kí o sì gba ìdí zẹ́mìjàn yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí o bá ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ìyàwó, kò ní gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu láéláé.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin Ṣábẹ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀)

Olóko, mo bọ̀wọ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́ lórí ohun tí o sọ yìí, nítorí ó lè pa ọmọ ọlọ́mọ. Òwe tí o pa, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí ẹṣin dá ni òwe náà ń kì láyà, kò sọ pé kí á na ẹṣin tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀rù yàtọ̀ sí oríkunkun. Bí o bá na ọmọdé nítorí pé ó bẹ̀rù òkùnkùn, ó ti ní ohun méjì tí yóò máa bẹ̀rù, òkùnkùn náà àti ìwọ.

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń bá ẹṣin gbé, ọ̀dọ̀ àwọn Bàrìbá ní Níkì ni mo sì ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá ti wo ọdún Gáànì níbẹ̀ rí á ti rí ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí ìlù ń dún, tí kàkàkí ń dún, tí èrò ń hó yèè, tí ẹni tó gùn ún sì jókòó pẹ̀sẹ̀. Kòbókò kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ẹṣin débẹ̀. Bí ẹṣin tuntun bá dé, ọ̀gá mi a máa gbé àpótí lọ jókòó nítòsí rẹ̀. Kò ní wò ó lójú, kò ní pè é, okùn rẹ̀ ni á máa hun. Á jókòó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, á jókòó bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́, títí ẹṣin náà yóò fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, tí yóò sì fi imú gbọ́ òórùn fìlà rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo kà lára ọ̀kan nínú wọn. Nígbà yẹn mo rò pé ọ̀lẹ ni bàbá náà.

Ẹran tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni ẹṣin, eré sísá sì ni Ọlọ́run fi dáàbò bò ó. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, nítorí náà ó ń rí nǹkan yí ara rẹ̀ ká fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí a bá pín àyíká náà sí 360, ó ń rí nǹkan bí 350 nínú rẹ̀. Ibi tí kò rí ni ẹ̀yìn ìrù rẹ̀ gan-an àti ọ̀kánkán iwájú orí rẹ̀. Ará Kétu, nígbà tí o bá na ọwọ́ tààrà sí iwájú orí rẹ̀, ọwọ́ náà ń pòórá mọ́ ọn lójú, ó wá di ohun tó já lu orí rẹ̀ láti ibi tí kò sí. Gba ẹ̀gbẹ́ èjìká lọ bá a, kí o sì rìn ní ìrìn ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni wá. Ibi tí gọ̀gọ̀ rẹ̀ parí sí, lókè èjìká, ni kí o kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn. Má gbá a pẹ́pẹ́, ńṣe ni kí o máa fi ìka họ ọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ẹṣin fúnra wọn máa ń fi eyín họ fún ara wọn.

Dókítà Ẹran, Àjàṣẹ́ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá, pàápàá ti ibi tí wọ́n ní kí a máa họ. Àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé ìlùkìkì ọkàn ẹṣin máa ń rọlẹ̀ nígbà tí a bá ń họ ọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ojo ni ẹṣin kan, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá nǹkan ń dùn ún. Mo ti rí ẹṣin púpọ̀ tí wọ́n sọ pé inú rẹ̀ burú, tó sì jẹ́ pé ọgbẹ́ gàárì ni ó ń jẹ ẹ́ ní ẹ̀yìn. Ará Kétu, ẹ bọ́ gàárì kúrò, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti èjìká dé ìbàdí, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò rọ ẹ̀yìn sílẹ̀ tàbí kí ó dẹ etí sẹ́yìn. Ẹ wo igun ẹnu rẹ̀ níbi tí irin ìjánu ń gbà. Eyín ẹṣin kì í yé hù, etí eyín náà sì máa ń mú ṣámúṣámú, a máa gé e lẹ́rẹ̀kẹ́ nínú, nítorí náà ó yẹ kí dókítà máa wò ó, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ẹṣin náà bá ń rù, tí abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ sì funfun, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àìsàn tí eṣinṣin tsetse máa ń kó ran ẹran. Àìsàn yẹn kò jẹ́ kí ẹṣin pọ̀ ní ilẹ̀ igbó láti ayé àwọn baba ńlá wa, òun náà ló sì fà á tí Ọ̀yọ́, tó ń fi ẹṣin jagun, fi ní láti máa ra ẹṣin láti òkè lemọ́lemọ́.

Ohun méjì sí i. Àkọ́kọ́, ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ìlùkìkì ọkàn rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì wá iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ní abẹ́ egungun párì rẹ̀. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹṣin àgbà tó ń sinmi, tí ara rẹ̀ sì yá, máa ń wà láàárín 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́ níwájú yín tí ẹ sì ka 70, ẹ̀rù ń bà á tàbí nǹkan ń dùn ún, ohun yòówù tí ojú yín ń rí.

Èkejì, ṣé ẹ ti rí i rí kí ó dùbúlẹ̀? Ẹṣin lè tòògbé lórí ìdúró, àmọ́ oorun tó jinlẹ̀ jù lọ kò ṣeé sùn àfi kí ó dùbúlẹ̀, kì í sì í dùbúlẹ̀ níbi tí ọkàn rẹ̀ kò bá ti balẹ̀ tàbí tí ó bá dá nìkan wà láìní ẹni tí yóò bá a ṣọ́nà. Ẹṣin tí kò sùn dáadáa máa ń ta gìrì sí gbogbo nǹkan.

Ará Kétu (ọjọ́ Ẹtì, 7:30 alẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Dókítà ṣe sọ. Nígbà tí ọwọ́ mi dé apá ọ̀tún, lábẹ́ ibi tí iwájú gàárì máa ń wà, ó rọ ẹ̀yìn sílẹ̀ bí ẹni pé iná jó o. Mo pín irun ibẹ̀ sọ́tọ̀, mo sì rí egbò kan tó tóbi tó owó ẹyọ sefa, tí èépá ti bò. Omijé bọ́ lójú mi. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gbé gàárì lé egbò yẹn.

Dókítà ẹran tó wà nítòsí wa ti fún un ní oògùn, ó ní kí n má gùn ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì rẹ́ eyín rẹ̀ méjì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ní ti ìdùbúlẹ̀, n kò rí i rí o. Ilẹ̀ á mọ́, koríko gbígbẹ tí mo tẹ́ sílẹ̀ á wà bí mo ṣe tẹ́ ẹ. Mo ti gba ewúrẹ́ ìyá mi kan, mo so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Báyìí tí n kò lè gùn ún, kí ni kí n máa bá a ṣe?

Abẹ̀ní Ṣábẹ (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:10 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ kò fi ní gùn ún yìí gan-an ni àǹfààní yín, nítorí orí ilẹ̀ ni a ti ń kọ́ ìfọkàntán, kì í ṣe orí gàárì.

Ọdún méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ẹṣin kan ní Faransé, níbi tí wọ́n ti ń lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà àdánidá. Tom Dorrance, tó gbé ayé láti 1910 sí 2003, àti Ray Hunt ni wọ́n sọ ọ́ di mímọ̀ láàárín àwọn darandaran ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, kí àwọn bíi Pat Parelli àti Monty Roberts tó gbé e káàkiri ayé. Ọ̀nà náà kì í ṣe tuntun rárá. Xenophon ará Gíríìsì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn pé ohun tí a bá fi ipá mú ẹṣin ṣe, kì í yé ẹṣin náà. Ọ̀gá Bàbá ní Níkì, tó ń hun okùn lórí àpótí, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: kì í ṣe ìgbà tí a bá fa okùn ni ẹṣin ń kẹ́kọ̀ọ́, ìgbà tí a bá dẹ okùn ni. Ẹ mú okùn tó gùn tó mítà mẹ́ta àti ààbọ̀, ẹ so ó mọ́ orí rẹ̀ láìsí irin lẹ́nu. Ẹ fà á díẹ̀ sọ́dọ̀ yín, kí ó le tó kí ó mọ̀ ọ́n lára, kí ẹ sì dúró. Ẹ má ṣe fi kún un. Yóò gbìyànjú oríṣiríṣi nǹkan, á gbé orí sókè, á wo ẹ̀gbẹ́. Ní kété tí ó bá gbé ìwọ̀n ara rẹ̀ síwájú, kódà kí ó má tíì gbé ẹsẹ̀, ẹ dẹ okùn náà pátápátá. Bí ẹ bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ohun mìíràn ni ẹ kọ́ ọ yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí ó rò ó. Ẹ óò rí i tí yóò máa lá ètè, tí yóò máa jẹnu bí ẹni tó ní nǹkan lẹ́nu, tí orí rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ti tó lójúmọ́. Ohun tí ẹ bá kọ́ ọ lápá òsì, ẹ tún un kọ́ lápá ọ̀tún.

Ara yín náà ń sọ̀rọ̀ o. Ní Berlin, ní 1904, ẹṣin kan wà tó ń jẹ́ Hans, tí gbogbo ènìyàn sọ pé ó mọ ìṣirò. Bí wọ́n bá bi í pé 3 àti 4 jẹ́ mélòó, á fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Ní 1907, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Oskar Pfungst fi hàn pé ara ẹni tó bi í ní ìbéèrè ni ẹṣin náà ń kà. Bí iye náà bá pé, ẹni náà yóò gbé orí sókè fín-ín láìmọ̀, Hans á sì dá ẹsẹ̀ dúró. Ẹṣin tó lè rí ìyẹn kò ní ṣàìrí i pé èjìká yín le bí igi nígbà tí zẹ́mìjàn ń bọ̀. Ẹ mí kanlẹ̀ kí ẹ tó wọlé tọ̀ ọ́ lọ.

Olóko Ìlárá (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:45 ọ̀sán)

N kò mọ̀ pé egbò wà lẹ́yìn ẹran náà, mo sì gba ọ̀rọ̀ kòbókò mi padà. Àmọ́ ẹ dá mi lóhùn: mo wo fídíò kan níbi tí òyìnbó ti ń lé ẹṣin yí po nínú ọgbà róbótó, títí ẹṣin náà fi wá ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ajá. Ṣé kò ní yára ju okùn dídẹ̀ yìí lọ?

Abẹ̀ní Ṣábẹ (ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:00 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá Olóko. Ọ̀nà Monty Roberts ni èyí tí ẹ rí yẹn. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn olùwádìí kan ti béèrè bóyá ìfẹ́ ni ẹṣin náà fi ń bọ̀ ni tàbí pé ó ti rí i pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lé òun nìkan ni wọn kì í ti í lé òun. Fún ẹṣin tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, èmi kò ní lé e. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ará Kétu (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 6:50 alẹ́)

Mo ní ìròyìn rere àti ìròyìn tí n kò mọ ohun tí mo lè pè é. Ó ti ń tẹ̀lé okùn dáadáa. Ó ń jẹ́ kí n họ ọrùn òun títí dé abẹ́ etí, ètè rẹ̀ òkè á sì máa gùn síwájú, á máa mì. Ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ jẹ́ 40 láàárọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n lánàá, nígbà tí mo lọ sí ọjà, àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó so ẹṣin náà mọ́ ìdí máńgòrò, ó sì ń fi ọ̀rá dúdú gbá a lára títí ó fi dúró. Ó ní ó fà, ó tàpá, nígbà tó yá ó dúró bí ère, kò mira mọ́. Inú àbúrò mi dùn. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, kò gba ọkà bàbà lọ́wọ́ mi. Ṣé kò tíì mọ́ ọn lára ni?

Abẹ̀ní Ṣábẹ (ọjọ́ kan náà, 8:15 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bá àbúrò yín jà, ó ní ọkàn rere. Ṣùgbọ́n ìdúró méjì ló wà. Ẹṣin tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ máa ń ṣẹ́jú, etí rẹ̀ kan á wá iwájú, èkejì á lọ ẹ̀yìn, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ á rọ̀, á sì fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sinmi. Ẹṣin tó ti sọ ìrètí nù náà máa ń dúró, àmọ́ ojú rẹ̀ kò ní ṣẹ́, ẹnu rẹ̀ á pa mọ́ra gírígírí, ihò imú rẹ̀ á le. Ó ti rí i pé kò sí ọ̀nà àbáyọ ni. Ìyẹn kì í ṣe ìfọkàntán. Ẹ má ṣe so ẹṣin tó ń bẹ̀rù mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù mọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá náà máa sá fún un dípò kí ó máa lé e. Ẹ so ó mọ́ orí ọ̀pá, ẹ mú un síwájú yín, kí ẹ máa rìn lọ, kí ẹṣin máa tẹ̀lé yín lẹ́yìn pẹ̀lú okùn tó dẹ̀. Ohun tó ń lọ níwájú ẹṣin kì í dà bí ohun tó fẹ́ pa á jẹ.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin Ṣábẹ (ọjọ́ kejì, 5:50 àárọ̀)

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ọmọ mi Abẹ̀ní sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o ṣe ti zẹ́mìjàn. Bẹ ẹni tí o mọ̀ kan, kí ó máa wa tirẹ̀ lọ níwájú yín jẹ́jẹ́, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀lé e láti òkèèrè. Bí o bá ti rí i pé orí ẹṣin ń ga, dúró, kí ọlọ́kọ̀ máa lọ ní tirẹ̀. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Nínú ilé rẹ, ìwọ ni ẹṣin iwájú yẹn.

Nígbà tí àkókò gàárì bá sì tó, má ṣe lo èyí àtijọ́. Wá èyí tó bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu.

Ará Kétu (lẹ́yìn oṣù kan àti ààbọ̀, 7:10 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó gbà wá tó ọjọ́ mẹ́jọ kí ó tó tún gba ọkà bàbà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìdí máńgòrò yẹn. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀rá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jìnnà sí i tó gígùn okùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó na ọrùn, ó fi imú kan ọ̀rá náà, ó fọn imú, ó sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ kan, ó tún padà wá, ó sì fi ètè gbé e. Àbúrò mi wà níbẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ti zẹ́mìjàn kò tíì tán. Tí ó bá wà níwájú, ó ń tẹ̀lé e, èyí tó bá yọ láti ẹ̀yìn ló ṣì ń mú kí ó le ara. Àmọ́ kò fò mọ́. Ńṣe ló ń yí etí kan sọ́dọ̀ mi, bí ẹni pé ó ń bi mí pé kí ni kí òun ṣe. Èmi á mí kanlẹ̀, òun náà á mí kanlẹ̀, a ó sì máa lọ. Egbò ẹ̀yìn rẹ̀ ti jinná, irun funfun ti hù síbẹ̀. N kò tíì gùn ún, n kò sì kánjú.

Ìdí tí mo fi sáré wá kọ̀wé láàárọ̀ yìí ni pé nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ní agogo mẹ́fà, ewúrẹ́ ìyá mi ń jẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹṣin náà sì dúró ní àárín ilé, ó kọ ojú sí mi. Koríko gbígbẹ lẹ̀ mọ́ ọn láti èjìká dé ìbàdí ní apá òsì, ọ̀kan há sínú gọ̀gọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ibi tó sùn sí sì tẹ̀ róbótó. Mo fi ọwọ́ kàn án, ó ṣì lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́.